Oògùn Ọjà Mẹ́ta Sẹ́yìn

Ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n sì fi mí ṣe olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan nísàlẹ̀ òkè wa, lójú ọ̀nà Lẹ̀mà, ni àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìwé wá bá mi. Kì í ṣe ìwé ẹ̀kọ́. Ìwé inú páálí oògùn ni. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ fi ìgò ránṣẹ́ sí láti Kútọnu, ẹni tó ra hóró méjì lọ́jà, gbogbo wọn á gun òkè wá, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n á ní, “Bá wa wo ohun tí òyìnbó kọ síbẹ̀.” Èmi á sì kà á. Ibi tí kò bá yé mi, ńṣe ni mo máa ń fi ohùn líle kà á kí ó lè dà bí ẹni pé ó yé mi. Ojú máa ń tì mí nígbà tí mo bá rántí ohùn yẹn, ṣùgbọ́n n ó purọ́ bí mo bá ní inú mi kì í dùn sí i nígbà náà. Inú mi máa ń dùn gan-an. Ọmọbìnrin tó kàwé kò wọ́pọ̀ ní òkè wa, ìyá mi sì máa ń wá iṣẹ́ díẹ̀ ṣe nítòsí ẹnu ọ̀nà kí ó lè gbọ́ mi.

Èmi náà ní oògùn tèmi nínú agolo kékeré kan. Nígbà tí mo wà ní Àjàṣẹ́, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mú mi, obìnrin ẹlẹ́sìn tó ń tọ́jú àwa akẹ́kọ̀ọ́ sì fún mi ní ọ̀pọ̀ hóró funfun ńláńlá tí wọ́n ń pè ní súlúfámíìdì. Ara mi yá kí n tó lo ìdajì rẹ̀. Mo tọ́jú ìyókù.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ mú ìyá mi. Ó jẹ́ ọjọ́ ọjà, kò sì lè lọ sí ọjà náà. Ọjà wa, ọrọọrún ni wọ́n ń ná an, mo sì rántí pé ó ń sunkún nítorí ẹ̀pà tó ti bó kalẹ̀ láti gbé lọ. Mo ṣí agolo mi. Mo fún un ní hóró méjì láàárọ̀, méjì nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ̀jẹ̀ dá. Mo ṣì ní kí ó máa lò ó títí di ọjọ́ keje, nítorí mo ti gbọ́ pé a kì í pa oògùn tì láìlò ó tán. Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn Ìsìn Máàsì, ó sọ fún gbogbo obìnrin tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ló wo òun sàn. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wolẹ̀, ọkàn mi sì ń fò. N kò rò pé mo tíì láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, bóyá ìdí nìyí tí ohun tó tẹ̀ lé e fi dùn mí tó bẹ́ẹ̀.

Ọjà kejì lẹ́yìn ọjọ́ tí ìgbẹ́ náà mú un kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọjọ́ kejì ọjà náà ni ibà mú un. Ó ní ọ̀nà ọ̀fun ń dun òun, ojú òun sì ń ta òun bí ẹni tí èéfín wọ̀ lójú. Kí ni mo ṣe? Mo rò pé ìgbẹ́ náà kò tíì jáde tán lára rẹ̀. Mo tún ṣí agolo náà. Mo fún un ní méjì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, méjì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá lọ kí aláìsàn kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó bá mú wá, aláìsàn gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú rẹ̀, nítorí bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé ó ń fura sí i. Nítorí náà, ní ọjọ́ kejì ibà náà, ìyá mi mu àgbo, ó lá àgúnmu, ó gbé hóró oògùn mì, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ oníkálùkù. Ní ọjọ́ kẹta, àmì pupa tí àárín wọn dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ láyà rẹ̀ àti lójú rẹ̀. Ètè rẹ̀ bẹ́. Kò lè gbé itọ́ mì. Nígbà yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dé láti oko.

Ìyá Òkè ni gbogbo wa ń pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi yìí, nítorí ilé rẹ̀ ló ga jù lórí àpáta. Obìnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ mú, ère kékeré ti Màríà Wúńdíá kì í sì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tú gèlè rẹ̀, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

“Ẹ má pariwo. Ilẹ̀ gbígbóná ni.”

Láti ìṣẹ́jú yẹn, kò sẹ́ni tó gun òkè wá kí wa mọ́. Ìyá Òkè ní a kò gbọ́dọ̀ gbé aláìsàn náà jáde, a kò sì gbọ́dọ̀ pe ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní àpá ilẹ̀ gbígbóná lẹ́rẹ̀kẹ́ láti kékeré, mo sì ti kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ pé kì í sábà mú ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì.

“Ìyá Òkè, ó ti mú wọn rí. Ẹ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn.”

“Ìwọ Madámù, ṣé inú ìwé ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àlejò kì í padà wá?”

Mo padà sí ẹ̀gbẹ́ ẹní ìyá mi. Àmọ́ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ kẹrin, tí mo fẹ́ tún ìró ìyá mi ṣe, ó fi ọwọ́ lé mi sẹ́yìn. Ìró lásán ń dùn ún bí iná. Ìléròrò ti gba ẹ̀yìn rẹ̀. Mo sá sọ̀kalẹ̀ láì sọ ibi tí mo ń lọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ọjà ni, èrò kún iwájú ilé ìwòsàn kékeré tó wà nínú ìlú. Ọkùnrin tó ń tọ́jú wọn kì í ṣe dókítà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n dókítà ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti ń darúgbó. Ó di bàtà rẹ̀ pẹ̀lú okùn ọ̀gbọ̀, ohùn rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti sún mọ́ ọn. Mo ń ṣàlàyé, mo ń bẹ̀bẹ̀, mo ń sọ nípa ẹ̀pà àti òjò, títí ó fi gbé ọwọ́ sókè, ó sì pè mí bí àwọn Faransé ti ń pe omidan.

“Màmúsẹ́ẹ̀lì, ó ń yún un, àbí ó ń dùn ún?”

“Ó ń dùn ún.”

“Ẹnu ńkọ́?”

“Ó bẹ́.”

“Ojú?”

“Ó pọ́n. Ó ń lẹ̀ pọ̀ láàárọ̀.”

Ó dìde lójú ẹsẹ̀, ó fi àwọn èrò lé ẹnì kejì rẹ̀ lọ́wọ́, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gbé mi dé ẹsẹ̀ òkè. Ó fi ẹsẹ̀ gun ìyókù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sì dúró sinmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí mo ti ń tẹ̀ lé e, mo sì ń rò ó pé ọkùnrin yìí kò mọ ìyá mi rí.

Ìyá Òkè dúró sẹ́nu ọ̀nà.

“Ta ló pè ọ́?”

“Ọmọ yín ni. Ẹ fún mi lómi kí n fọwọ́.”

“Ó lè mú ìwọ náà o.”

“Bí ó bá mú mi, ẹ ó tọ́jú mi. Omi, ẹ jọ̀ọ́, Ìyá.”

Dókítà fọwọ́, ó sì wọlé. Ó wo ojú ìyá mi, ó wo inú ẹnu rẹ̀, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó rọra fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ìléròrò kan níbi tí awọ ṣì dán. Awọ náà yọ̀ kúrò nípò, bí èèpo ẹ̀wà tí a rẹ sómi. Ó yára mú ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ẹ foríjì mí, Ìyá. N kò ní tún un ṣe mọ́.”

Ó jókòó sórí àpótí, ó sì sọ fún wa pé kì í ṣe ilẹ̀ gbígbóná. Ó ní kókó ilẹ̀ gbígbóná máa ń le, ó sì máa ń jinlẹ̀, ṣùgbọ́n èyí rọ̀, ó sì ń bó. Ó ní ara ìyá mi ń bá ohun kan tó gbé mì jà, ara náà sì ti ṣi ọwọ́, awọ ara rẹ̀ ló ń lù.

“Bí ó bá ṣì ń gbé e mì, ó máa kú. Kí ló gbé mì?”

Ìyá Òkè rẹ́rìn-ín kíkorò. “Béèrè èyí tí kò gbé mì. Ìyẹn ló kéré.”

“Ẹ kó gbogbo rẹ̀ wá.”

Ìyá Òkè kó wọn wá: ìkòkò àgbo, àgúnmu nínú ewé, àti bébà tí aládùúgbò wa kan fi di oògùn aláwọ̀ méjì wá, tí ẹyọ kan ṣì kù nínú rẹ̀. Bí ó ti fojú kan bébà náà báyìí, ó gbá a mú.

“Òun nìyí! Lọ́wọ́ Àlájì tó ń pàtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ti rà á. Ọjà ń lọ lọ́wọ́ báyìí. Màá lọ bá a níbẹ̀, kí gbogbo ayé gbọ́ pé ó ń ta ikú!” Ó ti ń wé gèlè rẹ̀.

Mo ní láti sọ òótọ́ nípa ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo fẹ́ kí ó lọ. Mo ti ń ronú nípa agolo mi láti ìgbà tí dókítà ti sọ̀rọ̀, ẹ̀rù sì ń bà mí. Àlájì yẹn kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Síbẹ̀, mo fẹ́ kí ó jẹ́ òun.

“Ẹ jókòó, Ìyá,” ni dókítà wí. “Ìgbà wo ló gbé èyí mì?”

“Níjẹta,” ni mo wí.

“Ibà ti mú un kó tó gbé e mì, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Nígbà náà, kì í ṣe òun. Irú ìjà yìí kì í bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí ènìyàn gbé oògùn mì. Ó máa ń pẹ́. Ó lè pé ọjà kan, ó lè pé mẹ́ta, ó lè pé mẹ́fà. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í sí ẹni tó ń rántí.”

Ó jáde sí àgbàlá, ó ṣa òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin, ó sì tò wọ́n sílẹ̀ níwájú wa. Ó fọwọ́ kan àkọ́kọ́.

“Ọjà òní nìyí. Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jà náà?”

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ bí mo ti kan sáárá sí i nínú ọkàn mi, nínú gbogbo ẹ̀rù tó ń bà mí. Bí ó bá béèrè ọjọ́ oṣù ni, Ìyá Òkè kò ní mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọjà? Kò sí ọjà tí kò rántí.

“Ìyẹn ni ọjà tí òjò kó àtẹ lọ. Ara rẹ̀ le nígbà yẹn. Ó tilẹ̀ bá mi jà nítorí agbọ̀n.”

“Oògùn?”

“Kò sí.”

“Èyí tó ṣáájú ìyẹn?”

“Ìyẹn ni ọjà tí ewúrẹ́ wọ ilé àlùfáà. Ó ra iyọ̀. Mo wá gba díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà mo padà sóko.”

“Ó ń lo nǹkan kan?”

“N kò rí i kó lo nǹkan kan lójú mi.”

Ọwọ́ rẹ̀ dé orí òkúta kẹrin, ọjà mẹ́ta sẹ́yìn. Ìyá Òkè la ẹnu, ó tún pa á dé. Oko ló wà nígbà náà, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Dókítà yíjú sí ìyá mi. Ìyá mi kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ó la ojú pupa rẹ̀ méjèèjì, ó wò mí, ó sì gbé ìka kan sókè díẹ̀ lórí ẹní, bí a ti í ṣe fún ọmọdé láti dákẹ́. Ó ń dáàbò bò mí. Awọ ń bó lára rẹ̀, ó ń dáàbò bò mí.

N kò lè gba ìyẹn.

“Èmi ni,” ni mo wí. “Mo fún un ní súlúfámíìdì. Ọjọ́ méje. Nígbà tí ibà dé, mo tún fún un ní mẹ́rin.”

Mo ń retí pé kí ilẹ̀ lanu. Dókítà kàn na ọwọ́ jáde ni. “Ìyókù dà?” Mo gbé agolo náà fún un. Ó wò ó, ó sì fi í sínú àpò rẹ̀.

“Gbogbo ìwé yẹn, Madámù!” ni Ìyá Òkè wí. “Gbogbo ìwé yẹn!”

“Ìyá, ẹ fi í sílẹ̀,” ni dókítà wí. “Mo ní ìwé ju tirẹ̀ lọ, èmi náà ti ṣe é. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, mo ń fún un ní oògùn náà bí awọ rẹ̀ ti ń bó, nítorí mo rò pé kò tíì tó. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n dáwọ́ dúró. Ọmọ yín ti jẹ́wọ́ fún mi lónìí kó tó pẹ́ jù.” Ó ṣa àwọn òkúta náà nílẹ̀. “Láti ìgbà ọ̀dọ́mọkùnrin náà ni mo ti ń ka ọjà.”

N kò mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi máa ń bo àṣìṣe wọn mọ́lẹ̀, bí èmi náà ti fẹ́ ṣe, tí ọkùnrin yìí sì lè gbé tirẹ̀ kalẹ̀ níwájú obìnrin mẹ́ta bí ẹni gbé àwo kalẹ̀. Mo ti ronú lé e lórí fún ọdún méjì.

Ìyá Òkè tún gèlè rẹ̀ tú, ó so ó mọ́ ìbàdí. “Ó dáa. Kí la máa ṣe?”

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí a dáwọ́ oògùn gbogbo dúró, àti àgbo, àti àgúnmu, àti ohun tí àlejò bá mú wá. Ó ní kí a tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tí iná jó. A se gbogbo aṣọ funfun tó wà nílé, a sá wọn sí oòrùn lórí àpáta. Ìyá Òkè gé ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì rọ̀, ó fọ̀ wọ́n pẹ̀lú omi tó ti hó, ó tẹ́ wọn sórí ẹní kí awọ má baà lẹ̀ mọ́ ọn. A kò gbọ́dọ̀ bẹ́ ìléròrò kankan. A ń dáná sí ìta ilẹ̀kùn kí ilé lè móoru, nítorí òtútù máa ń tètè mú ẹni tí awọ rẹ̀ ti bó. A ta àwọ̀n ẹ̀fọn bò ó nítorí eṣinṣin. Mo ń fi ṣíbí fún un ní ẹ̀kọ mímu àti omi tí a fi ṣúgà àti iyọ̀ díẹ̀ sí, ṣíbí kan, kí n dúró, ṣíbí kan. Wákàtí kọ̀ọ̀kan, mo ń fi omi iyọ̀ tó ti hó tó sì ti tutù fọ ojú rẹ̀, mo sì ń fi ìka tí mo ti fọ̀ mọ́ rọra ya ìpéǹpéjú rẹ̀ kúrò lára ẹyinjú. Dókítà ní bí a bá jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè yè kí ó má ríran mọ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó nira jù fún mi, nítorí ó máa ń kérora, èmi sì ni mo fa ìkérora náà.

Dókítà fi lẹ́tà rán awakọ̀ kan sí dókítà àgbà ní ilé ìwòsàn ńlá tó jìnnà. Èsì dé lọ́jọ́ kejì: kí a má ṣe gbé e sínú ọkọ̀ lórí ọ̀nà gbágungbàgun, kí a máa bá ohun tí a ń ṣe lọ. Dókítà wa ń gun òkè náà wá lójoojúmọ́ lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú àgbo lẹ́ẹ̀kan sí i, Ìyá Òkè ló jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

“Mo mú nǹkan wá fún un.”

“Gbé e kalẹ̀. Èmi ni màá tọ́ ọ wò.”

“Ìwọ kọ́ lara rẹ kò yá!”

“Bí mo bá ṣì wà láàyè lọ́jà mẹ́ta sí i, kí o padà wá.”

Àwọn kan bínú. Ó ní kí wọ́n bínú dáadáa.

Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ burú. Ibi tí awọ ti bó ń pọ̀ sí i, mo sì máa ń lọ sẹ́yìn ilé láti sunkún, kì í ṣe nítorí pé ó ń kú nìkan, ṣùgbọ́n nítorí pé kò bínú sí mi. Ní ọjọ́ karùn-ún, kò sí ìléròrò tuntun. Ní ọjọ́ kẹjọ, ibà náà lọ. Lọ́jọ́ kẹwàá, mo ń fọ ojú rẹ̀, ó sì di ọwọ́ mi mú.

“Ó tó. Mo rí ọ,” ni ó wí. “O ti rù. Lọ jẹun.”

Mo lọ jẹun lóòótọ́.

Awọ tuntun wá díẹ̀díẹ̀, ó pupa níbì kan, ó dúdú níbì kan. Ojú rẹ̀ kì í fẹ́ oòrùn mọ́, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Ọjọ́ tí dókítà wá kẹ́yìn, ó jókòó sórí àpótí kan náà, ó sì ní kí ìyá mi sọ orúkọ oògùn náà.

“Ọmọ mi mọ̀ ọ́n,” ni ìyá mi wí.

“Ẹ̀yin ni mo bi. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí ẹ bá tún gbé e mì, kódà ẹyọ kan, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, kò ní dúró de ọjà mẹ́ta mọ́.”

Dókítà kọ́ ọ. Ìyá mi ń sọ ọ́ tẹ̀lé e, Ìyá Òkè náà ń sọ ọ́ láti ibi ìdáná, títí ó fi dá wọn lójú.

“Súlúfámíìdì,” ni ìyá mi wí. “Bí wọ́n bá ní kí n gbé e mì ńkọ́?”

“Ẹ ní rárá.”

“Bí ó bá jẹ́ dókítà òyìnbó ńkọ́?”

“Ẹ ní rárá.”

“Bí ó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?”

Ó rẹ́rìn-ín. “Èmi gan-an ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.”

Ìyá mi yíjú sí mi, ojú rẹ̀ ṣì pọ́n díẹ̀.

“Bí ó bá jẹ́ ọmọ mi?”

Dókítà náà yíjú sí mi. Mo mọ̀ pé èmi ló ń dúró dè.

“Ẹ ní rárá, Ìyá,” ni mo wí.

“Rárá,” ni ìyá mi wí, ketekete, bí ẹni tó ń dán ohùn rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà, ó fà mí mọ́ra, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ní ibi tí kò dùn ún mọ́.